Ìró Ọkọ̀ Sájẹ́ǹtì Ọdẹ́jídé

"A kun ọkọ̀, a ò kun ìró, èrò àbọ̀ ní í tún orúkọ ọkọ̀ ṣe." Ẹni tó bá ti gbé ìlú Òkè-Àpáta fún oṣù mẹ́ta yóò ti gbọ́ òwe yìí, ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, nítorí òun ló dùn ún fi bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ tí òwe náà ń sọ? Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kùn ún, àti ohun tó ń wá tó fi kùn ún? Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bí ìyá mi àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sájẹ́ǹtì Ọdẹ́jídé. Ọlọ́pàá ni, awakọ̀ sì ni. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, píkọ́ọ̀pù dúdú kan tó ní bẹ́ǹṣì onípákó méjì lẹ́yìn, níbi tí àwọn tí wọ́n bá mú máa ń jókòó sí. Ọkọ̀ náà ní ìró tí kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò wá súfèé tín-ín-rín bí ìgbà tí omi bá fẹ́ hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Kí ó tó yọ lórí òkè, gbogbo ọjà ti gbọ́ ọ. Ọlọ́kadà yóò ya wọ igbó, àwọn ọmọdé yóò sá wọlé, ẹni tí kò ṣẹ̀ pàápàá yóò máa ro ohun tó ṣe lánàá.

Sájẹ́ǹtì kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Wúràọlá ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sin ín sí. Wọn kò bímọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù nílé bàbá rẹ̀ kò mọ ojú rẹ̀ mọ́, àwọn tó sì mọ ojú rẹ̀ ní Òkè-Àpáta kò fẹ́ rí i. Kì í ṣe pé wọ́n bá a jà. Wọn a kí i lójú ọ̀nà, wọn a sì yára kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òkú Wúràọlá tán, ọdún méjì gbáko, kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó pe, "Ẹ kú ilé o." Ẹ rò ó wò. Bí ó bá ti ìrìn dé nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn tí yóò wí pé, "Ẹ kú ilé o." Yóò dúró díẹ̀. Yóò wá fi ohùn kékeré dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Ẹ kú àbọ̀."

Lọ́dún náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú àgọ́ ọlọ́pàá pé wọ́n fẹ́ lu píkọ́ọ̀pù àtijọ́ náà ní gbàǹjo. Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò pọ̀, nítorí wọ́n tún fẹ́ ta alùpùpù mẹ́rin àti àwọn tábìlì ògbólógbòó. Onígbàǹjo gbé agogo lọ́wọ́. Bí ó bá ti lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ọjà di ti ẹni tó na ọwọ́ kẹ́yìn. Wọ́n du àwọn alùpùpù bí ẹni du omi lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdí píkọ́ọ̀pù, gbogbo ọwọ́ wálẹ̀.

"Ta ló máa mú un?" ni onígbàǹjo wí. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le bí òkúta o!"

Kúmúyì, tó máa ń ra irin àlòkù, ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ta ló fẹ́ fowó ra ẹkún? Ẹ fi sílẹ̀ kí ó dógùn-ún, màá wá kó o bí irin."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni Sájẹ́ǹtì ti na ọwọ́. Onígbàǹjo lu agogo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó bá a dù ú. Ẹ má rò pé èrè ló ń wá. Ohun tó rò ni pé bí òun bá ní ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sọ́jà ìsàlẹ̀ odò, àwọn èèyàn yóò máa jókòó ti òun, wọn yóò máa sọ̀rọ̀, òun náà yóò sì máa fèsì. Ìyẹn nìkan ni.

Ó gbé ọkọ̀ lọ fún ẹnì kan tó mọ ọkọ̀ kùn dáadáa. Wọ́n fá àkọlé ọlọ́pàá kúrò, wọ́n kun gbogbo ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n fi funfun la etí rẹ̀. Ó da tìmùtìmù bo bẹ́ǹṣì. Ní ìdúró, ọkọ̀ náà dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Lọ́jọ́ ọjà, ó ṣíná. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó súfèé. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé gáréèjì, gáréèjì ti dá páropáro. Tòmátì ẹnì kan ṣì ń yí lọ nílẹ̀ níbi tó jù ú sí sá. Sájẹ́ǹtì pààrọ̀ sálẹ́ńsà. Ìró náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Mẹkáníìkì sọ fún un pé inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá, kò sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe sí i. Sájẹ́ǹtì wá ní òun yóò gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọjà mẹ́rin ló fi dá jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n há mọ́ra wọn nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí wọ́n ń jà nítorí àyè, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjà kẹrin ni Kúmúyì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka ra ọ̀dà náà, ó mi orí.

"Sájẹ́ǹtì, ọ̀dà yìí dára o. Ẹ kun ọkọ̀, ẹ ò kun ìró!"

Gbogbo gáréèjì gbé e bí ẹni gbé orin. Bí ìdajì òwe yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èébú ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sájẹ́ǹtì ti pinnu. Òun yóò ta ọkọ̀ náà fún Kúmúyì bí irin, òun yóò sì kó ẹrù òun kúrò nílùú, bí òun kò tilẹ̀ mọ ibi tí òun ń lọ. Ó ń tú tìmùtìmù kúrò lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí obìnrin kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá Lánihùn ni, opó tó ń din gaàrí ní ìsàlẹ̀ ọjà.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí?" ni ó bi í.

"Mo mọ̀ yín, màmá."

"Ọdún kẹfà rè é. Ẹ wá mú ọmọ mi nítorí jẹnẹrétọ̀ iléèwé. Mo ní kí ẹ jọ̀ọ́ dúró kí ó wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù náà wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ò dúró, ẹ ṣíná lọ."

Sájẹ́ǹtì rántí. Àárín ọjà ni wọ́n gbé Lánihùn gbà, láìwẹ̀wù, níwájú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n rí ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ náà gan-an ní ìlú mìíràn, wọ́n sì tú Lánihùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá ló ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí Òkè-Àpáta, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé òun kò ní dé ìlú tó rí òun níhòòhò mọ́.

"Ọ̀gá mi ló ní kí n máa lọ," ni Sájẹ́ǹtì wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló yí kọ́kọ́rọ́."

"Ó dára tí ẹ ò purọ́. Ẹ gbọ́ mi. Mo ti gbọ́ ọkọ̀ yìí nígbà tó ń gbé èèyàn lọ. Mi ò gbọ́ ọ rí nígbà tó ń gbé èèyàn bọ̀. Ọkọ̀ yín ò gbé èrò àbọ̀ rí, Sájẹ́ǹtì. Ẹ gbé mi lọ bá ọmọ mi."

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Sájẹ́ǹtì ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún Ìyá Lánihùn, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ló gùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ aró kan lé itan.

"Ibi tó jókòó sí ni mo fẹ́ jókòó," ni ó wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ra ọkọ̀ nítorí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ṣe wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, tí èrò kan ṣoṣo tó ní wà lẹ́yìn dígí. Nígbàkígbà tó bá wo inú dígí, obìnrin náà ń wo ojú ọ̀nà tó ń sá lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ariwo ayùn gba gbogbo ilẹ̀, síbẹ̀ ìró ọkọ̀ náà la àárín rẹ̀ kọjá. Sájẹ́ǹtì rí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ agbégilódò tó gbé orí sókè, tó dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó sá sẹ́yìn òkìtì pákó. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ló ń ṣe. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni wọ́n rí. Kò sí ohun tó jọ ọlọ́pàá lára rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà, ìrìn wákàtí mẹ́rin, ọ̀dà tuntun, ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń sá. Ìgbà náà ló tó yé e pé ìdánìkanwà tí òun ń pè ní ti òun yìí, òun ti fi ọkọ̀ náà pín in kiri ilé onílé fún ọdún méjìlélógún kí ó tó kan òun.

Ìyá Lánihùn wọ ẹ̀yìn pákó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ náà ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ aró náà. Apá ẹ̀wù náà ti kúrú, kò dé ọrùn ọwọ́ mọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pàdé.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Lánihùn wí. "Mi ò gun ọkọ̀ yẹn."

Sájẹ́ǹtì sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i.

"Kí a tó gbéra, màmá rẹ sọ fún mi pé o ń wa agbégilódò. Ìwọ ni kí o wà á. Kí o tó ṣíná, ṣe gbogbo ohun tó bá wù ọ́. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀wù, pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kán ọ lójú."

Lánihùn wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ máa wà?"

"Mo mọ ibi tí mo máa jókòó."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ìró náà dé orí òkè ní Òkè-Àpáta. Ọkọ̀ wúkọ́, ó súfèé, ọjà sì tú ká bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kọjá. Àárín ọjà ló dúró sí. Àwọn tó ń yọjú láti inú ìsọ̀ rí ohun tí wọn kò rí rí. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ láìwẹ̀wù ló jókòó sídìí sítíárìn, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì àwọn tí a mú, Sájẹ́ǹtì Ọdẹ́jídé nìkan ló jókòó, eruku ọ̀nà ti sọ irun orí rẹ̀ di pupa.

"Àbí wọ́n ti mú Sájẹ́ǹtì ni?" ni Kúmúyì wí láti abẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran.

Ìyá Lánihùn gbọ́ ọ. "Kúmúyì, jáde lábẹ́ tábìlì," ni ó wí. "Ọmọ mi ló dé."

Kò sí ẹni tó mira. Lánihùn sọ̀ kalẹ̀, ó dúró nínú ẹ̀wù tó kéré jù fún un, ó ń wo àwọn tó rí ìtìjú rẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn ìyá arúgbó tó ń lọ ata jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀: "Lánihùn, káàbọ̀ o." Ó wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹ kú àbọ̀ o." Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, òmíràn tún gbà á. Kúmúyì kò fẹ́ kí ẹ̀rín òun tán síbẹ̀. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, "Èmi ṣì sọ ọ́ o, wọ́n kun ọkọ̀, wọn ò kun ìró." Ìyá aláta kò wo ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Èrò àbọ̀ ní í tún orúkọ ọkọ̀ ṣe."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sájẹ́ǹtì ń fọ eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o." Ó rò pé ohùn ara òun ni. Wọ́n tún un wí kí ó tó dìde. Ìyá Lánihùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ gaàrí, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan dùn láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Lánihùn lò kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èrò méjì ló wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ìyá Lánihùn sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò di irin Kúmúyì, Sájẹ́ǹtì kò sì kúrò nílùú.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé, "A kun ọkọ̀, a ò kun ìró." Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó pààrọ̀ aṣọ, orúkọ tàbí àdúgbò kí ayé lè gbàgbé ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà lọ sí ibi tó ti ṣe aburú, tó tẹrí ba níbẹ̀, tó sì dá ohun tó gbé lọ padà níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń sọ ìdajì tó kù, kí ìlú lè ṣílẹ̀kùn fún un: "Èrò àbọ̀ ní í tún orúkọ ọkọ̀ ṣe."