Arọ Tó Kó Ogun Sórí Ẹní

Ọnàwùmí, arọ ìlú Òkè-Osùn, kò lè dé ẹnu ọ̀nà láìfi ọwọ́ wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kò sí ẹni tó ní ọmọ ogun tó tirẹ̀ nílùú náà. Igi ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn, kò sì sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi osùn kun ọmọ ogun ọ̀tún, ó fi aró kun tòsì, ó fi ẹfun kun àwọn ọ̀tá. Ṣóńṣó ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ya ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣi ẹyọ kan gbé kúrò nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, wàá gbọ́ èébú lọ́jọ́ náà!

Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọnàwùmí, ṣé àwọn ọmọ rẹ ti jẹun?" Yóò kàn máa gbẹ́ igi rẹ̀ lọ ni.

Ní ọjọ́ kan, oníṣòwò kan mú ìròyìn wá pé ogun yóò dé ní ọjọ́ márùn-ún sí i. Ìlú dàrú. Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ń palẹ̀ mọ́ láti sá lọ sórí àpáta. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọnàwùmí, bú sẹ́kún.

"Ta ni yóò gbé yín gun àpáta? Wọn á bá yín níbí, wọn á sì pa yín!"

"Nu ojú rẹ, kí o bá mi pe Balógun wá."

Tìbínú-tìbínú ni Balógun Jagunmólú fi dé. Ó rí i pé Ọnàwùmí ti fi amọ̀ mọ ìlú sórí ẹní: odi, ẹnubodè, àti odò ẹ̀yìn ìlú.

"Eré ọmọdé lo pè mí wá wò?"

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ to ogun tiyín, kí n to tọ̀tá."

Balógun kó gbogbo ọmọ ogun igi tirẹ̀ sí ẹnubodè. Ọnàwùmí rọra ti àwọn ẹlẹ́fun gba ojú odò wọlé. Ìlú fọ́.

"Ojú odò kẹ̀!" ni Balógun fi ariwo ta. "Níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi? Jagunjagun wo ni yóò gba ibẹ̀?"

"Ẹni tó mọ̀ pé ojú ń ti jagunjagun láti ṣọ́ ọ ni, Baba."

Balógun tún un tò. Ìlú tún fọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọni tó ti ja ogun mẹ́tàdínlógún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ arọ, òógùn bò ó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn olósùn lọ sínú igbó etí odò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹlẹ́fun kan ò wọlé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ogun dé lóòótọ́. Àwọn díẹ̀ ń pariwo lẹ́nu bodè, ogunlọ́gọ̀ wọn sì ń yọ́ bọ̀ lójú odò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ọ̀tún ti ká wọn mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọ̀tá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, wọ́n bá Ọnàwùmí nílé ní àlàáfíà ara. Balógun bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin, ó gbé arọ gun ún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjánu yí ìlú po. Àwẹ̀ró ń jó níwájú wọn.

"Ọkọ mi rèé o! Ẹ wá wo jagunjagun!"

Ọnàwùmí gbórí sókè, orí rẹ̀ wú. Balógun dúró láàárín ọjà, ó ní, "Ogun tí a ti gbọ́, tí ọkùnrin yìí sì ti jà tán lórí ẹní, ta ni ìbá tún pa?"

Láti ọjọ́ náà, bí àgbà bá fẹ́ kí èèyàn tètè múra sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí ni pé: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.