Ọkùnrin tó ń Yọ̀ Pé Ọwọ́ Géèjì ń Lọ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó máa ń kọ gbogbo nǹkan ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ páànù òrùlé, ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ hu eyín, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn gbà pé ohun tí a kò bá kọ, atẹ́gùn á gbé e lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Kó máa lọ sílẹ̀ la fẹ́."

Ọkọ̀ ọkùnrin yìí ti pẹ́, ó sì ní géèjì kan tó ń fi hàn bí agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó. Kò kọbi ara sí i rí. Nísinsìnyí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọwọ́ géèjì á gòkè dé ọgọ́ta. Bó bá ti ìrìn dé, tí ọkọ̀ dúró tó ṣì ń ṣiṣẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ló ń gbé e sókè? Kí ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ó rò ó títí, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkọ̀ náà ní. Ó fa ìlà sí àárín ojú ìwé: apá kan fún ara rẹ̀, apá kejì fún ọkọ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Tirẹ̀ kọ̀, kò sọ̀. Ti ọkọ̀ di ogójì láàárọ̀, mẹ́wàá bó bá ti ìrìn dé.

"Ìyá Ìbídùn, ọkọ̀ yìí mà gbọ́ràn jù mí lọ."

"Ṣé òun náà ti fi iyọ̀ sílẹ̀ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Kí ló wá ń dún kó-kó-kó nínú rẹ̀ bí ẹni ń pa ẹkùrọ́?"

"Ọjọ́ ogbó ni."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyàwó náà ní Ìlọrin, ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì fẹ́ gbé lọ. Ní Ọjọ́rú, ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó bá a wo táyà. Ó mú ìwé rẹ̀ dání láti fi yangàn. Mẹkáníìkì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa yọ̀ sí èyí?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì èèyàn àbí ti mọ́tò?"

Ó wá ṣàlàyé. Ọ́ìlì tó tutù máa ń ki bí ògì tó dì, títì rẹ̀ le, ọwọ́ géèjì á gòkè. Bó bá gbóná, á ṣàn bí omi, ọwọ́ á sọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. "Ṣùgbọ́n ẹ fi àárọ̀ wé àárọ̀. Ọgọ́ta ti di ogójì. Lára èèyàn, ríru ló ń pani. Lára ẹ́ńjìnnì, rírọlẹ̀ ni."

"Ọ́ìlì rẹ̀ kún o! Gbogbo Sátidé ni mò ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n."

"Ó kún, bàbá. Kò dé ibi tí irin ti ń ha irin ni."

Nígbà tí mẹkáníìkì tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì ti dí pa pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú. Inú igbó lójú ọ̀nà Ìlọrin ni ọkọ̀ náà ìbá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ sí. Ọkọ̀ èrò ló gbé ìyàwó dé Ìlọrin, iṣẹ́ ojú náà sì yọrí sí rere.

Ìwọ tó o sọ fún mi pé ilé rẹ ti rọ̀, pé ìyàwó rẹ kì í bá ọ jiyàn mọ́, o sì ń dúpẹ́: ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lè dákẹ́ nítorí ó rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kí ọ láàárọ̀ ńkọ́? Ṣé bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá ló ṣì rí? Bí ìyẹn náà bá ti rọlẹ̀, má pè é ní àlàáfíà. Lọ jókòó tì í lónìí, kó o béèrè ohun tó ń ha án nínú.