Ojúọlápé tó ń kọrin fún àwọn tí ogun pa

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iná. Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Ojúọlápé, obìnrin olórin, àti Dúrójayé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí.

Ní ìlú kan létí òkun, ọba kan wà tó ní àgbò kan. Irun àgbò náà ń dán yanran bí wúrà. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará òdìkejì òkun wá, wọ́n jí àgbò gbé. Ọba bínú, ó ta gìrì dìde, ó ní àfi kí wọ́n lọ gbà á padà. Nítorí àgbò o! Àwọn ọmọkùnrin ìlú wọ ọkọ̀, wọ́n ta ìgbòkun, ó di wùù lórí omi.

Àṣà kan wà ní ìlú yìí. Bí ogun bá padà dé, gbogbo ìlú á pé jọ sí ẹnubodè. Ẹni tó bọ̀ láàyè, ilé rẹ̀ ni yóò gbà lọ, kò sẹ́ni tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kú nìkan ni wọ́n ń kọrin fún. Ojúọlápé ló sì ń kọ ọ́. Yóò bu omi òkun sẹ́nu, yóò tú u dànù, yóò ní, "Ìwọ olóhùn tó ń gbé inú omi, wọ ẹnu mi." Ìgbà náà ni orin á máa tú jáde. Ẹnu rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Bó bá ti ń kọrin, ìyá òkú á gbàgbé ẹkún.

Nígbà ogun àkọ́kọ́, Lágbayì kú, ọmọ obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Ojúọlápé. Kí àwọn ọmọ ogun tó dé, Igún ti fò kọjá òkun, ó bà sórí òrùlé Ojúọlápé, gbàgà!

"Igún, kí lo rí?"

"Mo rí Lágbayì. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa á létí odò. Kò yọ idà rẹ̀ rárá."

Ojúọlápé dé ẹnubodè, ó rí ojú Ìyá Lágbayì, àánú ṣe é. Ó bu omi òkun sẹ́nu, ó tú u dànù. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ní "Akin ò kú":

Lágbayì dojú kọ ogójì ọkùnrin,
*Akin ò kú!*
Idà rẹ̀ ń kọ mànà lójú ogun,
*Akin ò kú!*
Ilẹ̀ ò lè jẹ orúkọ rẹ̀,
*Akin ò kú!*

Ìyá Lágbayì nu ojú rẹ̀ nù, ó rọra rẹ́rìn-ín. Dúrójayé náà wà níbẹ̀, ó ṣì kéré nígbà náà, ó sì ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

Wọn ò rí àgbò gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n tún lọ. Igún tún fò kọjá òkun, ó bà sórí òrùlé, gbàgà!

"Igún, kí lo rí?"

"Mo rí Ayélàágbé ọmọ apẹja. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì ta á lọ́fà lẹ́yìn."

"Àgbò ńkọ́?"

"Àgbò wo? Ọjọ́ kẹta tí wọ́n jí i gbé ló ti kú. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹran rẹ̀ le."

Ta ni yóò lọ sọ ọ́ fún ọba? Ilé ọba ni oúnjẹ Ojúọlápé ti ń wá. Ó lọ sí ẹnubodè, ó bu omi òkun sẹ́nu, ó tú u dànù:

Ayélàágbé gba ọfà níwájú,
*Akin ò kú!*
Kò fi ẹ̀yìn han ọ̀tá rí,
*Akin ò kú!*

Ọdún mẹ́ta mìíràn pé, ọba tún kó ọkọ̀ jọ. Dúrójayé ti di géńdé. Ó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká, ó wá bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé, níbi tí òun àti Ìyá Lágbayì ti ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní.

"Ìyá mi, èmi náà ń lọ."

"O ò níbi tí ò ń lọ. Mo bí mẹ́fà, mo sin mẹ́fà, kí n tó bí ọ."

"Bí mo bá jókòó sílé, n ó darúgbó, n ó kú, kò sẹ́ni tí yóò pè mí. Bí mo bá lọ, ẹ ó fi mí kọrin."

"Dúrójayé, orin lásán ni. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ó dáa, ẹ dá mi lóhùn kan. Lágbayì tí ẹ ní ó dojú kọ ogójì ọkùnrin, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Bó bá jẹ́ irọ́ ni, n ó gbé ọ̀kọ̀ yìí sílẹ̀."

Ọwọ́ Ìyá Lágbayì dúró nínú ẹ̀wà. Ó gbójú sókè, ó ń wo Ojúọlápé. Ìyá Lágbayì kò ní nǹkan mìíràn láyé ju orin ọmọ rẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ló ń kun orin yẹn kó tó lè dìde lórí ẹní.

Ojúọlápé bu ẹ̀wà sọ́wọ́, ó ń ṣà á. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Dúrójayé bá lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá dá a dúró, ẹ̀yin ọmọ. Inú ń bí mi sí obìnrin yìí títí dòní.

Nígbà tó yá, Igún bà sórí òrùlé, gbàgà! Ojúọlápé ò bi í pé kí ló rí. Ó fọwọ́ di etí. Igún ní, "Ó ń sá bọ̀ wálé ni, ẹrẹ̀ bá mú un. Ó pè ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há."

"Igún, jọ̀ọ́, bá mi sọ ọ́ dáadáa. Sọ pé ó dojú kọ wọ́n."

"Èmi ò mọ orin kọ, Ojúọlápé. Jíjẹ ni mo mọ̀."

Ní ẹnubodè, ó bu omi òkun sẹ́nu. Kò tú u dànù, ó gbé e mì. Ó pariwo, ó ní, "Ẹrẹ̀ ló pa ọmọ mi! Ó ń sá bọ̀ wálé ni! Ìgbẹ́ gbuuru ló pa Lágbayì! Àgbò tẹ́ ẹ ń wá ti kú tipẹ́!"

Ìyá Lágbayì jáde láàárín èrò. Ó di Ojúọlápé mú, ó ní, "Ìbànújẹ́ ló dà ọ́ lórí rú, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n bá ọ kọ ọ́ bí ìwọ náà ṣe kọ ọ́ fún mi." Ó bá gbé orin:

Dúrójayé dojú kọ ọgọ́ta ọkùnrin,
*Akin ò kú!*
Ilẹ̀ ò lè jẹ orúkọ rẹ̀,
*Akin ò kú!*

Ìlú gbè é, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ojúọlápé ń ké, "Irọ́ ni! Irọ́ ni!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tó wọ omi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ẹ má ṣe fi irọ́ dídùn rẹ ẹlẹ́kún lẹ́kún, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ń gbọ́, yóò sì gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ òótọ́, orin ni wọn yóò fi bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà bá wọn gbè é lẹ́ẹ̀kan, lórí Dúrójayé tẹ́ ẹ mọ̀ bó ṣe kú. Mo gbọ́ ohùn yín.