Fèrèsé Àgbò Alàájì Bùsárì

Kò sí fèrèsé kan ṣoṣo nínú àwọn yàrá tí Alàájì Bùsárì ń yá àwọn èèyàn gbé ní Ìwó, ó sì ti ní ẹni tó bá tún bẹ òun pé kí òun fi fèrèsé sí i, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Sàláwà, ayálégbé rẹ̀ kan, tí ooru kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jòjòló sùn, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, tí olè ń jí àgbò kiri, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Alàájì, ẹ jẹ́ kí àgbò yín wà ní yàrá mi. Olè ò ní rí fèrèsé gbà wọlé." Alàájì fa àgbò wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa kírun Alásárì tán, àgbò ti yọ ahọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alàájì ṣí fìlà, ó ń fi fẹ́ ẹ nímú. "Àgbò yìí á kú." "Kò ní kú, Alàájì. Èmi àtọmọ mi ṣáà ń sùn níbẹ̀." "Ṣé ìwọ ni mo fẹ́ pa ní Iléyá ni? Ẹ bá mi pe bíríkìlà." Kí ilẹ̀ tó ṣú, fèrèsé ńlá ti wà lára ògiri. Wọ́n jẹ àgbò tán lọ́jọ́ ọdún, fèrèsé kò bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ràfíù tó ń gbé yàrá kejì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé. "Ẹ kú ọdún, Alàájì. Ẹ ò wá ra àgbò tọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀? Ààyè wà ní yàrá tèmi."