Omi tí Ọdẹ́jìmí Dà sí Ọ̀nà Amọ̀kòkò

Iṣẹ́ ìkòkò ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ìlú Ìdó-Amọ̀. Pápá kan wà lẹ́yìn ìlú náà tí gbogbo wọn ti ń sun ìkòkò wọn. Wọn a to ìkòkò jọ, wọn a fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọn a sì dáná sí i. Bí iná bá ti ń kú lọ, wọn a kó ìkòkò kúrò nínú eérú lọ sí abẹ́ àtíbàbà. Èèwọ̀ pápá náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tó ń fún ni ní amọ̀, a kì í fi bàtà tẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn obìnrin fi ń rìn níbẹ̀, ẹyín iná a sì máa jó wọn nígbà mìíràn.

Ẹfúnyẹmí wà lára wọn. Àmù, ìkòkò ńlá tí à ń pọn omi sí nínú ilé, ni òun mọ̀ ọ́n mọ jù. Àgbẹ̀ ni Ọdẹ́jìmí ọkọ rẹ̀, iṣu kì í wọ́n nílé rẹ̀. Kì í na ìyàwó, kì í mu ẹmu àmupara. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ le, kò sì mọ bí a ṣe ń kẹ́ ènìyàn. Ó gbà pé ọkùnrin tó bá ti gbé iṣu wálé ti parí iṣẹ́ ọkọ. Irú wọn ṣì wà títí di òní, ẹ kò ní í rìn jìnnà kí ẹ tó rí wọn.

Lọ́jọ́ kan, Ẹfúnyẹmí tẹ ẹyín iná ní pápá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì bó. Ó tiro délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọdẹ́jìmí ti oko dé. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ààrò tí kò níná.

"Ṣé o kò ríran ni, tí o fi lọ tẹ iná?" ni ó wí. "Ta ni yóò wá se ọbẹ̀ alẹ́ báyìí?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹfúnyẹmí pọn Ìgè ọmọ wọn, ó sì tiro lọ sílé ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ìlú.

Ọdẹ́jìmí kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò kan òun. Kò pẹ́ tí ó fọ́ àmù ilé níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti fọ̀ ọ́, ló bá ń bu omi mu nínú akèrègbè. Ilé sú u. Ó wá ṣe ohun tí àṣà ní kí ọkọ ṣe: ó kó ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ru iṣu, wọ́n fa òbúkọ, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ nílé àna. Ẹfúnyẹmí kò yọjú. Wọ́n tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Bí wọ́n ṣe ń padà, ìyá Ẹfúnyẹmí pè é sẹ́yìn ilé.

"Ọkọ ọmọ mi, iṣu rẹ dára, a ti ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n inú iṣu kọ́ ni ọmọ mi ń bí."

"Kí ló wá ń fẹ́, Ìyá? Ẹ sọ ọ́, n ó wá a rí."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ jóná, ìwọ ń béèrè ọbẹ̀," ni ìyá wí. "Iṣu mélòó ni wọ́n fi ń tún ìyẹn ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́jìmí lára. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí ó ṣe rí tí obìnrin náà lè fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìsunkòkò kò, ó ru omi lọ sí pápá láti fi pa ẹyín iná. Bí ó ti rí Ẹfúnyẹmí nídìí iná, ó sáré da omi náà síwájú rẹ̀. Omi ta sára ìkòkò méjì tó ṣì gbóná, àwọn méjèèjì sì là.

"Ẹ ò lè fi mí sílẹ̀ ni?" ni Ẹfúnyẹmí pariwo. "Ẹsẹ̀ mi ò tó yín, ó tún kan ìkòkò!"

Àwọn obìnrin dúró láti gbọ́ èsì, nítorí wọ́n mọ ẹnu Ọdẹ́jìmí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Mo ṣì í ṣe," ni ó wí níkẹyìn. "Má bínú." Ó yíjú sí ìyá àna rẹ̀ tó wà láàárín wọn. "Ìyá, ibo ló yẹ kí n dà á sí?"

"Ọ̀nà àtíbàbà ni kí o dà á sí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò. Iwájú ẹsẹ̀ wa ni, kì í ṣe ìdí iná."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn náà. Bí wọ́n bá ti dáná, yóò bomi rin ọ̀nà náà láti ìdí iná dé àtíbàbà, yóò sì lọ dúró létí pápá. Ẹyín iná tó bá já bọ́ sí ọ̀nà náà a kú. Gbogbo obìnrin ń gba ibẹ̀, àfi Ẹfúnyẹmí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni òun ń gbà, tó ń fò sókè sódò.

"Ọkọ rẹ ń bomi rin ilẹ̀ fún wa, ìwọ ń jó lórí iná!" ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdẹ́jìmí kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wálé mọ́, kò sì rán àgbà sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ìyá Ẹfúnyẹmí: "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Ọjọ́ kan sì dé tí Ẹfúnyẹmí gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tútù náà, tó rìn ín dé òpin láì wojú ẹnikẹ́ni. Inú Ọdẹ́jìmí dùn débi pé ó gbàgbé ọkọ́ rẹ̀ sí pápá.

Lọ́jọ́ ìsunkòkò tó gbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀run ṣú. Ọdẹ́jìmí tún gbé omi dé.

"Ọkọ Ẹfúnyẹmí, òjò ń bọ̀, omi kí lẹ tún ń dà?" ni obìnrin kan bi í.

"Òjò ò mọ ìgbà tí Ẹfúnyẹmí máa gbé ìkòkò," ni ó dáhùn, ó sì ń bomi rin ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àmù ńlá kan wà nínú iná Ẹfúnyẹmí lọ́jọ́ náà. Bí òjò bá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ooru lára, fífọ́ ni yóò fọ́. Ààrá sán, oníkálukú sáré sí ìkòkò tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà jù fún ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹfúnyẹmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo etí pápá.

"Baba Ìgè!" Ó ti pẹ́ tí ó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ẹ wá bá mi di etí rẹ̀ mú. Kò ṣeé dá gbé."

Ọdẹ́jìmí bọ́ bàtà, ó sáré wọ pápá. Wọ́n fi àkísà di àmù mú, wọ́n gbé e. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n ẹyín iná káàkiri, ẹ̀yìn sì ni Ọdẹ́jìmí ń fi rìn, kò rí ibi tí ó ń tẹ̀. Ó ti ń retí kí iná jó o. Ṣùgbọ́n tútù ni ilẹ̀ náà ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, títí wọ́n fi gbé àmù kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Bí wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀.

"Ilẹ̀ ọ̀hún ńkọ́?" ni ìyá àna rẹ̀ bi í.

"Ó tutù, Ìyá."

"Ta ló da omi sí i?"

Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín, Ẹfúnyẹmí náà sì rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìmí nu ojú rẹ̀, ó béèrè ilé ẹni tí wọn yóò gbé àmù náà lọ tí òjò bá dá.

"Wọ́n ní tilé wa ti fọ́," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Àbí ẹ ti rí òmíràn?"

Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé e wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìgè ń sáré níwájú. Ẹnu àwọn amọ̀kòkò tó ń wò wọ́n lọ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, kí àwọn àgbà tó sọ ọ́ di òwe: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.