Onígàárì àti Ọmọ Ẹṣin Dúdú

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gàárì ṣíṣe. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi rán awọ fún ẹ̀yìn ẹṣin ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹṣin kankan. Ní ọdún kan, àgbà ẹlẹ́ṣin ìlú náà ṣubú, itan rẹ̀ kán, kò sì lè dìde ní odidi ìgbà òjò kan. Onígàárì ni ó ń gé koríko fún àwọn ẹṣin rẹ̀ láràárọ̀, tí ó ń pọn omi, tí ó ń kó ìgbẹ́ wọn. Nígbà tí àgbà náà tún lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó fa ọmọ ẹṣin kan jáde, ó fi okùn rẹ̀ lé onígàárì lọ́wọ́. Ọmọ ẹṣin náà dúdú bí èédú láti etí dé pátákò. Onígàárì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àṣà kan wà ní ìlú wọn. Ẹni tí a bá fún ní ẹṣin kì í ka ọpẹ́ rẹ̀ sí èyí tó parí ní ọjọ́ tó gbà á. Ó di ọjọ́ tí ẹṣin náà bá tó gùn. Ọjọ́ yẹn ni yóò gùn ún lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó fún un, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí yóò sì dúpẹ́ lójú gbogbo àdúgbò. Onígàárì bẹ̀rẹ̀ sí í rán gàárì ọjọ́ náà. Awọ pupa ni ó yàn, nítorí pé pupa máa ń yọ lára dúdú.

Nígbà tí ọmọ ẹṣin pé ọdún kan, onígàárì rí irun funfun tó yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun lé e ní tìróò. Ó fi ìka tu wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, irun náà padà, ó sì mú àwọn mìíràn wá sí imú, sí ọrùn, sí ìbàdí. Kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti eérú.

Ẹṣin tó ti dàgbà nìkan ni wọ́n máa ń mú wá bá onígàárì. Kò tọ́ ọmọ ẹṣin rí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ewú jẹ́ àmì ogbó lórí ènìyàn. Ó wá gbà pé ẹṣin yìí ti ń gbó kí ó tó dàgbà, pé àgbà ẹlẹ́ṣin sì mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yọ̀ǹda rẹ̀ wẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń kọjá níwájú ilé àgbà náà, á kí i, ṣùgbọ́n kì í dúró.

Aláró ni ìyàwó rẹ̀. Onígàárì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní aró ìkòkò kan. Obìnrin náà wo ẹṣin, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Àyọ̀ká, ewú orí tiyín ńkọ́? Ṣé kí n kúkú pa ẹ̀yin méjèèjì láró pọ̀?”

Onígàárì kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹṣin náà láró lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pa lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Aró kò mú níbi gbogbo bákan náà, ẹṣin náà sì dà bí aṣọ ẹtù tó ti gbó. Omi eérú tí wọ́n fi ń po aró a sì máa ta ni lára. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Nígbà tí gàárì pupa parí tí onígàárì gbé e lé e, ẹṣin náà gbọ̀n rìrì, ó sì yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn dé pé ojú ọ̀tún àgbà ẹlẹ́ṣin ti fọ́, ti òsì sì ń ṣe bàìbàì. Ìyàwó onígàárì kò ṣe àwàdà mọ́. Ó ní, “Ẹ lọ dúpẹ́ nígbà tí ọkùnrin náà ṣì lè rí ohun tó fún yín.”

Ó lọ. Kò lè gun ẹṣin náà, ó fà á lókùn. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í.

Àgbà náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ pa ẹṣin lára, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó rí i pé aró ni. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Onígàárì tú gbogbo rẹ̀ jáde: irun funfun, ogbó àìtọ́jọ́, àléébù tí wọ́n fi pamọ́ fún òun. Àgbà náà gbọ́ ọ tán, ó sì ní kó ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹṣin. Akọ ẹṣin kan jáde, funfun bí òwú, èyí tí àwọn ará ìlú máa ń dúró wò bí ó bá ń kọjá. Àgbà náà fi ìka méjì ya irun ọrùn rẹ̀. Awọ tó wà nísàlẹ̀ dúdú kirikiri.

Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé dúdú ni wọ́n bí ẹṣin yìí náà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú ni funfun irú wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ogbó, pé ó sì lè tó ọdún mẹ́jọ kí funfun náà tó pé.

“Ọmọ mẹ́ta ni ẹṣin yìí bí lọ́dún yẹn,” ni ó wí. “Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí àmì náà lójú rẹ̀, irun funfun méjì-mẹ́ta tí ẹni tí kò tọ́ ẹṣin kò lè rí. Òun ni mo fà fún ọ. Ẹṣin funfun ni mo fún ọ. Àwọ̀ rẹ̀ ni kò tíì dé.”

Onígàárì kò mọ ìgbà tí ó wólẹ̀. Wọ́n jọ fi òrí pa egbò ẹ̀yìn ẹṣin náà lọ́jọ́ yẹn.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gba gàárì. Ojú òsì àgbà náà ti fọ́ nígbà náà. Onígàárì gùn ún dé, ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì pé jọ. Àgbà náà na ọwọ́ títí ó fi kan imú ẹṣin, ó ní kí onígàárì sọ ibi tí funfun náà dé fún òun. Onígàárì dúró tì í, ó ń ròyìn rẹ̀ láti etí dé ìrù, kò fi ibì kan sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdọọdún ni ó ń padà lọ ròyìn, títí funfun náà fi pé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ èyí, ohun kan wà tí wọ́n fún ọ tó ń yí padà lójú rẹ. Ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tí o fẹ́. Kò rí mọ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tí o gbà á, ọkàn rẹ sì ti ń sọ pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Má tíì po aró. Lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún ọ. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì ríran, fi hàn án lónìí, kí o sì dúpẹ́, kí ó má baà jẹ́ etí ni yóò fi gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó fi ojú rí.