Fẹ̀bé Amọ̀kòkò àti Ọmọ Rẹ̀ Tí Kì í Sọ̀rọ̀

Ní abúlé Agbólúayé, ní ìgbà tí ìjọ onígbàgbọ́ ibẹ̀ kò tíì ju ogún ènìyàn lọ, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Fẹ̀bé. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ nìyẹn; Àṣàbí ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìkòkò ni ó ń mọ, ìkòkò rẹ̀ kì í jò, kì í sì í sán lórí iná. Jósáyà ọkọ rẹ̀ a máa lọ sí oko jíjìn, a sì lo ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà wálé. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Fẹ̀bé lọ́wọ́ kí ó tó bí ẹ̀kẹta. Èyí ni ó sọ ní Olúṣèyẹ.

Ọmọ náà rẹwà. Ó hu eyín lásìkò, ó rìn lásìkò, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ìyá wọn, òun kò pe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní bojú wẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí agogo ìjọ bá dún ní òpin abúlé, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa ké bí ẹni tí iná jó. Kì í wo ojú ènìyàn. Àpáàdì ìkòkò ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣà jọ, tí ó ń tò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ gbá ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún méje, odi ni gbogbo abúlé ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ìyá rẹ̀ kò bá sí nítòsí.

Ní òròòwúrọ̀, kí Fẹ̀bé tó fọwọ́ kan amọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Jésù Olúwa mi, ṣí ọmọ mi lẹ́nu. Kí ó pè mí ní ìyá lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó mi." Ó gba àdúrà yìí fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, Tíṣà Ebenésérì tí ń bójú tó ìjọ sọ fún un pé ẹ̀mí odi ló ń bá ọmọ náà jà, àti pé ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni yóò lé e jáde. Wọ́n ti ọmọ náà mọ́ yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lé e lórí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, Olúṣèyẹ ti bu ara rẹ̀ jẹ ní ọrùn ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Fẹ̀bé dìde láàrin àwọn olórin, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì pọn ọmọ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ ti tóbi ju ọmọ tí à ń pọ̀n lọ.

Tíṣà ní, "Fẹ̀bé, ìgbàgbọ́ rẹ kò tó."

Ó dáhùn pé, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ebi ń pa ọmọ mi."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àdúrà rẹ̀ yí padà. Ó rò ó títí, ó rí i pé ọdún mẹ́rin ni òun ti fi ń sọ fún Ọlọ́run ohun tí kò sí lára ọmọ náà, òun kò tíì fi ọjọ́ kan wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó wá ń sọ pé, "Olúwa, bí o kò bá ní ṣí i lẹ́nu, jọ̀wọ́, ṣí mi létí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ náà bí ẹni ṣọ́ ìkòkò nínú iná. Ó rí i pé bí ara bá ń ni ín, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń bù jẹ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa kùn nínú ọ̀fun, á sì máa fi ìka ọwọ́ jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ohun kan wà tí ó ti ń dun Fẹ̀bé tẹ́lẹ̀: bí Olúṣèyẹ bá fẹ́ nǹkan, á gbá ìyá rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, á fà á lọ síbẹ̀, á fi ọwọ́ náà lé nǹkan ọ̀hún láìwo ojú rẹ̀, bí ẹni pé igi tí a fi ń já èso ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣọ́ ọ dáadáa, ó rí i pé kì í fi ọwọ́ òun ṣe ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ lè ṣe. Èyí tí agbára rẹ̀ kò ká nìkan ni. Nínú ayé ọmọ náà, kò sí ohun tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò lè ṣe.

Ó sọ èyí fún Rèbékà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, tí ilé wọn kangun síra. Rèbékà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Ṣèyẹ, ìfẹ́ ọmọ ló ń dún létí rẹ."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fẹ̀bé ń sun ìkòkò lẹ́yìnkùlé, kò mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ jáde. Nígbà tí Olúṣèyẹ padà dé, ẹrẹ̀ ti bò ó dé itan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí okùn rẹ̀ já. Fẹ̀bé mọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Rèbékà bí, ni ó ni ín. Ìbídùn nìkan ni ọmọ tí kì í tú àpáàdì Olúṣèyẹ ká. Ibi tí Olúṣèyẹ bá lọ ni Ìbídùn ń tẹ̀ lé e lọ.

Kí Fẹ̀bé tó lanu, Rèbékà yọ lójúde. Ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó sì figbe ta.

Kò pẹ́ tí ojúde fi kún. Ẹnì kan wo ẹrẹ̀ ara ọmọ náà, ó ní, "Odò! Odò ló tì í sí!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin sáré lọ sí odò pẹ̀lú ọ̀pá àti àwọ̀n. Láṣebìkan, bàbá Ìbídùn, dé pẹ̀lú pàṣán tí ó fi ń lé màlúù, ó gbá Olúṣèyẹ ní apá mú.

"Níbo lo gbé ọmọ mi sí? Sọ̀rọ̀!"

Pàṣán balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo orí òrùlé, ó ń bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Fẹ̀bé ju ara rẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta sì bà á lẹ́yìn.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ lù mí dípò rẹ̀!"

"Kúrò níbẹ̀, Ìyá Ṣèyẹ!" Rèbékà ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ya. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé o gbọ́ èdè rẹ̀? Bi í léèrè! Bi í ní ibi tó pa ọmọ mi sí!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Fẹ̀bé ju pàṣán lọ, nítorí ẹ̀rù kan ti wà nínú rẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ lágbára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti ọmọ kan lulẹ̀ nítorí àpáàdì. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ pé ìyá pàápàá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn bí ó ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ojú ọ̀run ṣú. Àrá sán ní apá ìlà-oòrùn. Nígbà náà ni Olúṣèyẹ gbá ìyá rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, ó sì fà á lọ sí ìdí ìkòkò omi.

"Ẹ wò ó!" obìnrin kan kígbe. "Ọmọ ọlọ́mọ sọnù, omi ni tirẹ̀ fẹ́ mu!"

Fẹ̀bé bu omi fún un. Ó gbá igbá náà dànù. Ó fà á lọ sí ìdí ìkòkò ńlá kan tí kò tíì wọná, tí ó ga dé àyà ọmọ náà, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ju ìlẹ̀kẹ̀ pupa sínú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ bọ inú ìkòkò títí dé èjìká, ó fà á jáde, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkùn ayọ̀.

Baálẹ̀ ti dé ní àkókò yìí. Ó wo ọmọ náà, ó mi orí. "Ẹ so ó mọ́ igi títí bàbá rẹ̀ yóò fi dé. Ọmọ tó ń ṣe báyìí, a kò mọ ohun tí yóò tún ṣe."

Àwọn ọkùnrin méjì bọ́ síwájú. Ọwọ́ Fẹ̀bé ṣì wà nínú ìkòkò. Ó di ojú. "Olúwa, etí mi. Etí mi ni mo bẹ̀ ọ́ fún." Ìka rẹ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje kò lè dé. Ó ṣí ojú, ó wo itan ọmọ rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ń lẹ̀. Dúdú ni ẹrẹ̀ odò; amọ̀ ìkòkò ni èyí.

"Kò sí lódò," ó wí. "Inú kòtò ló wà. Kòtò amọ̀ àtijọ́, lẹ́yìn igbó ọ̀pẹ. Ọwọ́ Ṣèyẹ kò tó o ni ó ṣe wá mú tèmi."

Tíṣà Ebenésérì wà láàrin èrò. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ọmọ mi ló sọ fún mi."

"Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Tíṣà. Àwa ni a kò gbọ́."

Baálẹ̀ kọ̀. Ó ní òun kò lè kó àwọn ọkùnrin kúrò lódò nítorí àlá obìnrin, kí omi má baà gbé ọmọ náà lọ. Fẹ̀bé kò dúró jiyàn. Ó gba ọwọ́ Olúṣèyẹ, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Rèbékà wo ọ̀nà odò, ó wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń jìnnà lọ. Lójijì, ó tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó la igbó ọ̀pẹ já, òjò ti ya lulẹ̀. Ibi tí àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ ti ń wa amọ̀ ti di igbó. Kòtò tí ó wà níbẹ̀ tó mẹ́fà, koríko sì ti bo ẹnu gbogbo wọn. Rèbékà ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, òjò ń gbé ohùn rẹ̀ mì. "Èwo nínú wọn? Ìyá Ṣèyẹ, èwo ni?"

Fẹ̀bé tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà kí ó darí rẹ̀. Olúṣèyẹ rìn kọjá kòtò kìíní àti ìkejì, ó dúró níbi tí koríko ti ya, ó sì fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ lé etí ìkẹta.

Ìbídùn wà nísàlẹ̀. Omi pupa ti dé ọrùn rẹ̀. Ó fi apá kan dì mọ́ gbòǹgbò, apá kejì ti rọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn mọ́ níbẹ̀.

Fẹ̀bé tú ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ ìró Rèbékà, ó so etí kan mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, Rèbékà sì fi ìyókù yí igi ọ̀pẹ kékeré kan ká, ó dì í mú. Bí Fẹ̀bé ti ń sọ̀ kalẹ̀, ògiri amọ̀ ń ya lulẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rì bọnú omi. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sì gbìyànjú láti gòkè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Omi ń kún. Rèbékà ń pariwo pé, "Mi ò ní lè dì í mú! Fẹ̀bé, mi ò ní lè dì í mú!"

Ọwọ́ ńlá kan gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láṣebìkan ni; kò lè fara dà á kí ìyàwó rẹ̀ nìkan lọ. Ó fà wọ́n gòkè, Fẹ̀bé àti Ìbídùn papọ̀, wọ́n sì ṣubú lé ara wọn nínú ẹrẹ̀. Ìbídùn bi omi. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ fún wọn pé labalábá ni òun ń lé tí koríko fi já wọlẹ̀ lábẹ́ òun. "Ṣèyẹ na ọwọ́ sí mi. Kò tó. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi mú, ó já."

Láṣebìkan wo ojú pàṣán lára ọmọ tí ó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ di Ìbídùn mú, ó lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú òjò, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má bínú." Olúṣèyẹ kò wò ó. Ó ti ń ṣa òkúta etí kòtò jọ, ó ń tò ó.

Ọmọ náà dàgbà, kò sì pe Fẹ̀bé ní ìyá fún ọjọ́ kan. Fẹ̀bé náà kò bẹ Ọlọ́run nítorí ìyẹn mọ́. Tíṣà Ebenésérì wá sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Fẹ̀bé, kọ́ mi ní èdè rẹ̀." Ó kọ́ ọ níwọ̀nba tí ó lè gbà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọmọ náà bá ń ké láàrin ìjọ, tí ojú àwọn ènìyàn bá pọ̀ lára rẹ̀, Rèbékà ni ó máa ń dìde kọ́kọ́, tí á ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n pe ẹni tó bí i wá, kí ó wá sọ ohun tí ọmọ wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ará Agbólúayé gbà sọ, tí ó fi di ohun tí àgbà ń wí fún ẹni tó bá ń dájọ́ ọmọ tí kò yé e, pé: Ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi.